Báàsì: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá, àti ìdáhùn wọn

Kí ni báàsì gan-an, ṣebí gìtá náà ni?

Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni ò jọra. Báàsì tó wọ́pọ̀ ní okùn mẹ́rin: E, A, D, G, láti orí èyí tó nípọn jù dé èyí tó tínrín jù. Orúkọ kan náà ló ní pẹ̀lú okùn mẹ́rin tó nípọn lára gìtá, àmọ́ ohùn tiẹ̀ fi odindi octave kan (láti dò kan sí dò tó tẹ̀ lé e) rẹlẹ̀ sí i. E ìsàlẹ̀ yẹn ń gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, ìyẹn lẹ ṣe máa ń gbọ́ ọ láyà bó ṣe ń dún létí.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ìlù ló ń sọ ìgbà, kíbọ́ọ̀dù àti gìtá ló ń sọ irú ohùn tó ń lọ, báàsì ló so ọ̀tún mọ́ òsì. Ẹ wò ó, bí oní-kíbọ́ọ̀dù bá tẹ C, E, G, tí ẹ̀yin wá ta A sábẹ́ ẹ̀, A minor seventh, kọ́ọ̀dù míì pátápátá, ni gbogbo ilé gbọ́ yẹn, oní-kíbọ́ọ̀dù ò sì mira rárá. Ìka kan ṣoṣo lẹ fi yí orin yẹn padà.

Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ mọ gìtá?

Kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹni tó bá ti mọ gìtá tẹ́lẹ̀ máa tètè mọ ibi tí nóòtì wà lóòótọ́, àmọ́ ó sábà máa ń ta nǹkan tó pọ̀ jù, ó máa fẹ́ kún gbogbo àyè tó bá rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báàsì tó bá jẹ́ báàsì lẹ fẹ́.

Báàsì wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Leo Fender gbé Precision Bass jáde lọ́dún 1951. Ó pè é ní Precision torí pé fret, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, wà lára ẹ̀, ìyẹn ni pé ohùn á bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí gẹ́lẹ́, kò dà bíi báàsì onígi ńlá tí wọ́n ń gbé dúró, tó jẹ́ etí lèèyàn fi ń wá nóòtì lára ẹ̀. Jazz Bass tẹ̀ lé e lọ́dún 1960. Títí dòní, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, ọ̀pọ̀ báàsì tẹ́ ẹ máa rí lórí igbá, ara ọ̀kan nínú méjì yìí ló ti yọ.

Precision ní pickup (ohun tó ń gba ohùn lára okùn) kan tí wọ́n gé sí méjì, knob (bọ́tìnì yíyí) méjì, ohùn ẹ̀ ki, ó gúnlẹ̀ sí àárín, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè yí i tó máa burú. Jazz ní pickup méjì àti knob mẹ́ta, ọrùn ẹ̀ tínrín lápá òkè (bíi mìlímítà 38), ohùn ẹ̀ mọ́ kedere, bẹ́ ẹ bá sì fi pickup tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bridge (ibi tí okùn so mọ́ lára báàsì) sókè, ó máa ń kùn bí ológbò tínú ń bí. Èrò tèmi: ẹni tó máa ń ta oríṣiríṣi orin kó mú Jazz, ẹni tó fẹ́ ohùn kan tó dúró ṣinṣin kó mú Precision, kẹ́ni náà má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dà á láàmú mọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju orúkọ orí ẹ̀ lọ ni bó ṣe rí lára yín. Ẹ gbé e kọ́rùn, kẹ́ ẹ dúró pẹ̀lú ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ti ń wúwo ju kílò mẹ́rin àbọ̀ lọ, èjìká á sọ fún yín kí eré tó parí. Ẹ wá jọ̀wọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì: bí orí ẹ̀ bá ń já wálẹ̀, ọwọ́ òsì yín lá máa gbé e ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ọwọ́ tó yẹ kó máa wá nóòtì.

Okùn mẹ́rin àbí márùn-ún?

Okùn karùn-ún sábà máa ń jẹ́ B, ó wà nísàlẹ̀ E, ó ń gbọ̀n bí ìgbà 31 ní sẹ́kọ́ńdù kan. Bó bá jẹ́ pé àwọn akọrin tó máa ń yí kíì (ibi tí ohùn orin ti ń bẹ̀rẹ̀) kiri lẹ ń bá ṣe, òní Eb, ọ̀la Db, márùn-ún máa gbà yín lọ́pọ̀ wàhálà, torí bí kíì bá rẹlẹ̀ ju E lọ, ọlọ́kùn mẹ́rin á ní láti fò lọ sókè, ìsàlẹ̀ á sì ṣófo. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mẹ́rin tó o.

Ìṣòro ọlọ́kùn márùn-ún ni pé B yẹn máa ń rọ̀ dẹ̀ẹ̀rẹ̀ lára èyí tí wọn ò ṣe dáadáa, á máa dún wúù wúù láìsí nóòtì nínú ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ta B yẹn nìkan kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ tún rántí pé okùn tẹ́ ẹ ò ta náà ń dún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò dì í mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ mi kéré, ṣé mo lè ta báàsì?

Ẹ lè ta á. Gígùn okùn tó wọ́pọ̀ jẹ́ ínṣì 34, àmọ́ àwọn kékeré wà tí wọ́n jẹ́ bíi 30, irú Höfner tí Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles ń lò nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé báàsì tiẹ̀ ò tó báàsì. Lórí èyí tó gùn náà, kò pọn dandan kí ìka mẹ́rin dúró lórí fret mẹ́rin nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ lo ìka kìíní, ìkejì, àti ọmọńdinrín, kẹ́ ẹ sì máa gbé ọwọ́ rìn dípò kẹ́ ẹ máa nà á.

Àlòkù ńkọ́? Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Èmi fara mọ́ àlòkù gan-an, báàsì kì í gbó bíi fóònù. Ẹ gbé e sójú bí ẹní ń yẹ igi wò, kẹ́ ẹ wo ọrùn láti orí dé ìdí, bó bá lọ́ bí okùn ìfàmi, ẹ dá a padà. Ẹ wá ta fret kọ̀ọ̀kan lórí okùn kọ̀ọ̀kan, mo ní gbogbo ẹ̀, ẹ má fo ìkankan, torí ibi kan ṣoṣo tó kú máa ń fara pa mọ́ sí fret karùn-ún sí ìkeje lórí okùn G. Ẹ yí gbogbo knob, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha, ẹ mi wáyà nídìí jack, ihò tí wáyà ń wọ̀.

Èyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni truss rod, irin tó wà nínú ọrùn. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yí i díẹ̀ níṣojú yín. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, mi ò yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n ti yí irin yẹn débi tó há mọ́ inú ẹ̀, ọrùn ẹ̀ ò sì tọ́ títí mo fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Wọ́n ní active ni tèmi, kí ló túmọ̀ sí?

Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ bátìrì, volt 9 ló wọ́pọ̀, òun ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè fi ìsàlẹ̀ tàbí òkè kún ohùn látara báàsì fúnra ẹ̀. Passive ò ní bátìrì, knob ohùn tiẹ̀ kàn ń gé òkè kúrò ni. StingRay tí Music Man gbé jáde lọ́dún 1976 wà lára àwọn tó sọ active di nǹkan gbogbo ayé.

Kò sí èyí tó sàn ju ìkejì lọ. Àmọ́ ẹni tó ní active, ẹ yọ wáyà kúrò lára ẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti ta á tán, torí wáyà tẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀ yẹn gan-an ló ń tan bátìrì. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tó ń há, bátìrì ló ń kú lọ yẹn, ẹ má wulẹ̀ lọ tú amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn báàsì sókè).

Báàsì mi tuntun ni, kí ló dé tó le lọ́wọ́, tó sì ń dún zzz?

Wọn ò tíì ṣe setup ẹ̀ ni, ìyẹn títún ọrùn àti okùn ẹ̀ tò kó lè rọrùn láti ta. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gba èyí gbọ́: báàsì tí ò wọ́n tí wọ́n setup dáadáa máa ń ta dùn ju olówó ńlá tí wọn ò setup lọ. Ẹlòmíì ti pa báàsì tì, ó rò pé òun ò lẹ́bùn, kò sì ju okùn tó ga jù lọ tó ń bá jà.

Bó ṣe ń tẹ̀ léra nìyí, ẹ má da ọ̀nà yẹn rú. Ọrùn ló ṣáájú: ẹ fi ọwọ́ kan tẹ okùn E mọ́ fret àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi ìkejì tẹ fret tó gbẹ̀yìn, àyè tín-ín-rín bíi mìlímítà 0.3 ló yẹ kó wà láàárín. Bó bá pọ̀ jù, ẹ yí truss rod le, bí kò bá sí, ẹ tú u, ìdá mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí igi sinmi. Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ ó wá gbé okùn sókè tàbí sílẹ̀ níbi bridge, bíi mìlímítà 2 sí 2.5 lókè fret 12 dáa fún ọ̀pọ̀ ọwọ́.

Intonation, ìyẹn kí nóòtì tọ́ láti orí ọrùn dé ìdí, ló kẹ́yìn. Ẹ fi túnà wo okùn nígbà tẹ́ ẹ kàn fọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fret 12, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kan náà. Bí èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ ti saddle (irin kékeré tí okùn jókòó lé níbi bridge) sẹ́yìn kí okùn lè gùn sí i, bó bá rẹlẹ̀, ẹ fà á wá síwájú. Okùn tuntun ni kẹ́ ẹ fi ṣe é o, okùn tó ti kú ò ní sọ òótọ́ fún túnà.

Okùn irú wo, ìgbà wo ni kí n pààrọ̀ ẹ̀?

Roundwound, èyí tí wáyà róbótó yí ká, ló ń dún kedere, ara ẹ̀ rí gbágungbàgun díẹ̀. Flatwound, èyí tí wáyà pẹlẹbẹ yí ká, ń dán lọ́wọ́, ohùn ẹ̀ ki, ó tutù, ó sì lè pẹ́ lára báàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. James Jamerson tó ta báàsì sínú àìmọye orin Motown, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà, flatwound ló ń lò, kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ wọn àfi tí wọ́n bá já. Ìwọ̀n kíki okùn tó wọ́pọ̀ ni ínṣì .045 sí .105, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ti roundwound, òógùn ọwọ́ ló ń pa á, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ta á.

Ìka, pick, àbí slap?

Èyí tí orin bá bèèrè. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó ń fi pick ta báàsì kì í ṣe oníbáàsì, ọ̀rọ̀ yẹn ò nítumọ̀, pick ni Carol Kaye, oníbáàsì sítúdíò, fi ta ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀. Jamerson ńkọ́? Ìka ìfábẹ̀lá kan ṣoṣo ló fi ń ṣe tiẹ̀.

Ní ti slap, ẹ gbọ́ ibi tó ti wá. Oníbáàsì kan, Larry Graham, ń bá ìyá ẹ̀ ṣeré, wọn ò ní onílù mọ́, ló bá ń fi àtàǹpàkò lu okùn dípò kick (ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀), ó ń fi ìka fa okùn dípò snare (ìlù tó ń dún gbà). Iṣẹ́ ìlù ni slap ń ṣe, torí náà ẹni tí ò bá lè dúró lórí ìgbà, slap ẹ̀ ò lè dùn bó ti wù kó yára tó.

Watt mélòó ni mo nílò?

Nínú yàrá, headphone tàbí amp kékeré watt 15 sí 30 ti tó. Bí onílù gidi bá ti wà níbẹ̀, ẹ má lọ pẹ̀lú ohun tó kéré sí 200, ohùn ìsàlẹ̀ ń jẹ agbára ju ohùn òkè lọ gan-an ni. Fún orí ìtàgé, 300 sí 500 máa ń gbé e, ẹ ò sì nílò tó bẹ́ẹ̀ níbi tí sípíkà ńlá gbọ̀ngàn bá ti ń gbé báàsì fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ kan: watt 400 ò pariwo ní ìlọ́po méjì 200. Dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ló fi lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn ẹ̀ pọ̀ sí i, sípíkà kún sípíkà ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju watt kún watt lọ. Ẹ má sì ta báàsì kíkan nínú amp gìtá, sípíkà ẹ̀ á ya, ó kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà ni.

Mò ń rí ohm 8 àti ohm 4 lẹ́yìn sípíkà, ṣé mo lè so wọ́n pọ̀?

Ẹ ka ẹ̀yìn amp yín dáadáa, wọ́n máa kọ iye ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà) tó kéré jù tó lè gbà. Sípíkà méjì tó jẹ́ ohm 8, bẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń so wọ́n, ohm 4 ni wọ́n di. Méjì tó jẹ́ 4 di 2. Bí amp yín bá sọ pé 4 ni òpin, tẹ́ ẹ wá fún un ní 2, ó máa gbóná, ó sì lè jóná.

Amp onítúùbù, irú àtijọ́ tó ń fi gílóòbù gíláàsì ṣiṣẹ́, tún yàtọ̀: kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí sípíkà nídìí ẹ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ so sípíkà kẹ́ ẹ tó tàn án. Wáyà tó sì wà láàárín amp àti sípíkà kì í ṣe wáyà gìtá o, ẹnu wọn lè jọra, inú wọn yàtọ̀.

Kí ni DI, kí ló dé tí onísáúǹdì ń bèèrè ẹ̀?

Àpótí kékeré kan ni, ó ń yí ohùn báàsì padà sí irú èyí tó lè rin wáyà gígùn lọ sídìí míìsà láìgbé ariwo dání. Púpọ̀ nínú amp òde òní ti ní i lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá rí bọ́tìnì pre/post níbẹ̀, ẹ fi sí pre, kó má jẹ́ pé ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá yí knob amp fún etí ara yín, ohùn gbogbo gbọ̀ngàn ló ń yí. Bó bá ń kùn, ẹ tẹ bọ́tìnì ground lift, ó ń já ground wáyà tó ń lọ sídìí míìsà.

Pedal wo ni mo nílò?

Túnà. Lẹ́yìn ẹ̀, compressor, kó lè mú kí nóòtì dúró ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ lè dúró síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ distortion (èyí tó ń mú kí ohùn ya), ẹ wá èyí tó ní knob blend tó ń po ohùn tí ò ya mọ́ ọn, torí láìsí i, ìsàlẹ̀ máa ń lọ tó bá ti ń ya.

Ohùn mi dùn nílé, mo dé àárín ẹgbẹ́, mi ò gbọ́ ara mi mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, ìdáhùn ẹ̀ sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Nígbà tẹ́ ẹ dá wà, ẹ gbé bass sókè, ẹ gbé treble sókè, ẹ gé àárín kúrò, ó wá dún bí ẹni pé ó tóbi. Ẹ débi eré, kick gba ìsàlẹ̀, cymbal gba òkè, àárín tó yẹ kẹ́ ẹ wà, ẹ ti gé e dànù.

Ẹ dá àárín padà. Láti nǹkan bí 250 dé 800 Hz ni nóòtì ti ń ní ojú tí èèyàn fi ń dá a mọ̀. Ẹ dín ìsàlẹ̀ kù, pàápàá ohun tó wà lábẹ́ 40, ó ń jẹ agbára amp lásán. Bẹ́ ẹ bá dá ta á lẹ́yìn náà, ohùn yẹn lè má wù yín, ẹ fara dà á, àárín ẹgbẹ́ ni wọ́n dá a fún. Ẹ sì yọ amp kúrò ní igun ilé, igun ló ń sọ báàsì di wúù wúù. Ẹ gbé e ga díẹ̀ kó dojú kọ etí yín, àwa kan máa ń ta á sí itan ara wa, a wá ń ṣe kàyéfì pé a ò gbọ́.

Báwo ni kí èmi àti onílù ṣe wọra?

Wọ́n máa ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ tẹ̀ lé kick. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìdajì kejì ni ibi tí nóòtì yín ti ń parí. Ẹ ta nóòtì kan lórí kick, kẹ́ ẹ pa á gẹ́lẹ́ bí snare bá ṣe dún, ẹ máa gbọ́ tí snare yẹn yọ bí ẹni tó bọ́ síta. Ẹ ta nóòtì kan náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó nà kọjá snare, orin náà á wúwo, á fà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní groove, ọwọ́ tó ń pa ohùn ló ń ṣe é.

Nílé, ẹ fi metronome (aago tó ń ka ìgbà orin) sí ìlàjì ìyára orin, kẹ́ ẹ gbà pé beat kejì àti ìkẹrin ló ń lù, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu ara yín wá beat kìíní. Ó máa le ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọwọ́ ń dùn mí, etí sì ń hó lẹ́yìn eré.

Ọwọ́: ẹ fa okùn èjìká sókè kí ọrùn ọwọ́ má ká, ẹ tẹ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fret, kì í ṣe láàárín àyè, ẹ yí amp sókè kẹ́ ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ta á. Bí ìka bá ń kú tipiri tàbí tó ń ta yín gbììrì lálẹ́, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má bá a fà á.

Etí: ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni wákàtí 8 ní dẹ́síbẹ̀lì 85, bó bá fi 3 lé, àkókò á dín sí ìdajì, tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Eré míì máa ń gba wákàtí mẹ́ta. Ẹ ra ohun tí àwọn olórin fi ń dí etí, kì í sọ ohùn di pàbó, ó kàn ń dín in kù ni. Etí tó bá lọ, kì í padà, ó sì ń dùn mí gan-an bí mo bá rí ọmọ kékeré tó dúró síwájú cymbal láìfi nǹkan kan sétí.

Báàsì mi ń kùn hùùù, bí mo bá fọwọ́ kan okùn ó máa ń dákẹ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò tíì bàjẹ́. Okùn ni wọ́n so mọ́ ground, ara yín wá ń dí ariwo lọ́nà. Lórí Jazz Bass, pickup méjèèjì máa ń pa ariwo ara wọn bí wọ́n bá jọ wà lókè, bẹ́ ẹ bá dín ọ̀kan kù ni hùùù á dé. Precision ò ní ìṣòro yẹn, ìdajì méjì tí wọ́n gé pickup ẹ̀ sí lọ́dún 1957 ló ń pa á. Àmọ́ bí ara bá ń ta yín bí iná nígbà tẹ́ ẹ kan irin gbohùngbohùn, ìyẹn kì í ṣe hùùù mọ́, ẹ pa iná kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe.

Mo fẹ́ bọ́ sórí fretless, ìgbà wo ló yẹ?

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti lè kọ nóòtì lẹ́nu kẹ́ ẹ tó ta á. Oníbáàsì tó ń jẹ́ Jaco Pastorius ló jẹ́ kí gbogbo wa fẹ́ ẹ, Jazz Bass tí wọ́n ti yọ fret lára ẹ̀ ló lò, ó fi epoxy (gọ́ọ̀mù tó ń le bí gíláàsì) bo ojú igi ẹ̀ kí roundwound má bàa jẹ ẹ́. Ẹ ra èyí tó ní ìlà níbi tí fret ì bá wà, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Orí ìlà gan-an ni ìka máa dúró, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹ̀ bí ti fret. Ẹ jẹ́ kí ohùn kan ṣoṣo máa dún lọ látinú kíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ máa rìn sókè rìn sílẹ̀ lórí ẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì.

Wọ́n pè mí lójijì, eré ku wákàtí méjì, mi ò mọ orin wọn. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ kó bátìrì kan, wáyà méjì, túnà àti okùn àfikún sínú àpò. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bèèrè lórí orin kọ̀ọ̀kan: kíì, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń parí. Ẹ fi nọ́ńbà kọ kọ́ọ̀dù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra látorí kíì, 1, 4, 6, 5, ẹ má kọ lẹ́tà, torí akọrin lè yí kíì kó tó gbé gbohùngbohùn.

Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ ti lè rí ọwọ́ òsì oní-kíbọ́ọ̀dù àti ẹsẹ̀ onílù. Ẹ ta root (nóòtì tí kọ́ọ̀dù ń jẹ́ orúkọ ẹ̀), ẹ jẹ́ kó kúrú, ẹ má fi ohun kankan kún un ní verse àkọ́kọ́. Bẹ́ ẹ bá ṣi nóòtì, fret kan sókè tàbí sílẹ̀ máa ń gbé yín dé ibi tó dáa, ẹ rọra yọ́ lọ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá sọnù pátápátá, ẹ di okùn mọ́lẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ kick títí tẹ́ ẹ fi rí beat kìíní, kẹ́ ẹ tún wọlé lórí ẹ̀.